Ìyá Ẹlẹ́ja Dé Calgary

Ẹ bá mi bi àwọn ará Calgary léèrè, kí ẹ sì rọra bi wọ́n, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn wá. Kí ló dé tí àgbàlagbà ọkùnrin á jí ní ìdájí, á wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, á rọ́ wọ odò tó ń ti orí òkè yìnyín ṣàn bọ̀, á dúró síbẹ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, á mú ẹja tó sanra, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì dá a padà sínú omi? Kì í ṣe pé ẹja náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ o. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dá a padà. Ó tún dì í mú díẹ̀ nínú omi kó lè mí kanlẹ̀ kó tó máa lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹja ni Màmá mi tà tó fi rán wa níléèwé. Aṣèjìrẹ́ ló ti ń rà á, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun. Alákìá n'Íbàdàn ló ti ń ká a, tó ń yan án. Ọjà Ẹgbẹ́dá ló ti ń tà á. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ la mú lọ sí Calgary.

Houston lèmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Àbúrò mi ló wà ní Calgary, ní Kánádà. Màmá wá kí wa lọ́dún 2024, a sì ti ṣètò pé lóṣù Keje gbogbo wa á jọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Físà Màmá ti jáde, a ti san owó ọkọ̀ òfurufú. Ó ku díẹ̀ ká gbéra ni ìjì Beryl ya wọ Houston, ọjọ́ kẹjọ oṣù náà. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 2 ni iná wọn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Amẹ́ríkà ò mọ òkùnkùn, ẹ ò bá wá wo ìran. Ooru Houston nínú oṣù Keje kì í ṣe ohun téèyàn ń bá ṣeré. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń gbé ìlú náà ró, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́. Èmi àti ìyàwó mi ń làágùn, àwọn ọmọ ń ké pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Màmá nìkan ló sùn. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń ráhùn pé àdúgbò wa dákẹ́ jù, pé òun kì í rí oorun sùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, aládùúgbò wa gbé jẹnẹrétọ̀ jáde, ó tan án, ariwo gba gbogbo òpópónà, Màmá bá hanrun títí ilẹ̀ fi mọ́. Lówùúrọ̀ ó rin pákò tán, ó ní, “Ṣé àwọn NEPA náà ló ni tibí ni?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Iná ò tíì dé nígbà tá a fi Houston sílẹ̀.

Calgary yàtọ̀. Odò méjì ló gba inú ìlú náà kọjá, Bow àti Elbow, wọ́n sì pàdé níbi tí àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin kọ́ odi wọn sí lọ́dún 1875. (Ìbàdàn ti dó láti 1829, ṣùgbọ́n a ò lọ síbẹ̀ láti lọ ṣe àgbà fún wọn.) Bow yìí, láti òkè Banff ló ti ń bọ̀, lára yìnyín tó ń yọ́, omi rẹ̀ sì mọ́ débi pé o lè máa ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n là káàkiri ìlú tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, wọn ò sì jẹ́ kó ṣófo nígbà kankan. Ìyá arúgbó ń gun kẹ̀kẹ́. Bàbá kan ń sáré, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló níwájú. A rí ajá tó wọ bàtà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àbúrò mi ti di ọ̀kan lára wọn. Ẹni tí kì í fẹsẹ̀ rin Alákìá sí Adégbàyí, àfi kó dúró de ọ̀kadà, òun ló ń jí wa ní aago mẹ́fà pé ká wá lọ rìn kí ara wa lè jí. Ó ra kẹ̀kẹ́, ó ra akoto, ó ra ṣòkòtò kékeré kan tó fún mọ́ ọn nítan tí Màmá ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí. Ìyàwó rẹ̀ fà mí sẹ́yìn, ó ní, “Brọ̀dá mi, ẹ má dá a lóhùn o. Nígbà òtútù, kì í dé ìdí ọkọ̀.”

Oòrùn wọn náà kì í fẹ́ lọ sílé. Lóṣù Keje, aago mẹ́wàá alẹ́ máa ń ku díẹ̀ kó tó wọ̀. Màmá, tó jẹ́ Alhaja, ṣe àlùwàlá ìrun Magrib, ó jókòó tì í. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ó tún àlùwàlá ṣe. Àwọn ọmọ jẹun tán, wọ́n wo fíìmù tán, wọ́n lọ sùn, oòrùn ṣì ń wò wá. “Ẹ̀yin ọmọ yìí,” Màmá ní, “ṣé ó dá yín lójú pé ó máa ń wọ̀ níbí?” Ti Ishai ni ká má sọ. Ojú oorun la ti máa ń gbọ́ tó ń kírun.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, Fish Creek ni àbúrò mi kó wa lọ. Igbó ni, kí n má parọ́ fún yín. Igbó náà gùn, ó gba apá gúúsù ìlú kọjá títí dé etí odò Bow, ìjọba ìpínlẹ̀ Alberta sì ti yà á sọ́tọ̀ láti 1975 kí wọ́n má baà kọ́lé sí i. Àgbọ̀nrín ń jẹko nínú rẹ̀, ilé olówó ńláńlá sì wà lórí òkè lọ́tùn-ún lósì tó ń wò ó. Màmá wo ilẹ̀ náà lọ, ó wò ó bọ̀.

“Ìdílé wo ló ni ín?”

“Ìjọba ni, Màmá,” àbúrò mi dáhùn.

“Àwọn ọmọ onílẹ̀ ńkọ́?”

“Kò sí ọmọ onílẹ̀ níbí.”

“Á jẹ́ pé wọn ò tíì gbọ́ ni.”

Ẹ má dá Màmá lẹ́bi. Gbogbo ibi tá a ti ń já ẹ̀gẹ́ l'Alákìá nígbà tá a wà lọ́mọdé ti di ilé, wọ́n sì ta àwọn mìíràn fún ẹni méjì, ẹni mẹ́ta. Àbúrò mi náà rò ó, ó wá ní ká má parọ́ mọ́ ilẹ̀, ó ní àwọn onílẹ̀ wà: Blackfoot, Tsuut'ina àti Stoney Nakoda, àwọn ló bá ìjọba Ọbabìnrin Victoria tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn keje lọ́dún 1877. Màmá béèrè iye tí wọ́n gbà. Dọ́là 5 ni wọ́n ń san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń san án títí dòní. Màmá wá ibì kan jókòó sí.

Wáyà ni wọ́n fi wé ìdí àwọn igi tó wà létí omi. Màmá rò pé olè ló ń jí igi. Rárá, ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní beaver ló ń fi eyín gé igi lulẹ̀. Ó jọ òyà, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ dáadáa. “Wọn ò wá lè pa á jẹ?” Ọmọ mi obìnrin sọ fún un pé àwòrán ẹranko náà wà lára owó Kánádà, lórí sẹ́ǹtì márùn-ún. Màmá ní ẹran tó bá ti wà lára owó, òun ò ní bá a fa nǹkan kan.

A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, a fi Màmá sórí àga. Ìyàwó àbúrò mi ṣí kúlà: jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò, ẹran dídín. Níwájú wa, ọkùnrin kan wà nínú odò, omi mù ún dé ìtan, ó ń ju okùn síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn. Màmá kì í rí apẹja kó má kí i.

“Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ò ní ṣiṣẹ́ lásán o!”

Ọkùnrin náà juwọ́ sí i. Kò mọ̀ pé àdúrà ni wọ́n gbà fún òun, kò sì mọ̀ pé òun ti múra tán láti já a nírọ́.

Màmá bi wá pé kí ló fi ń dẹ ẹja. Àbúrò mi, tó ti mọ gbogbo nǹkan tán nípa ìlú náà, ní ìyẹ́ adìẹ àti òwú ni wọ́n so mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò. “Kò sí ekòló?” Kò sí ekòló. “Ẹ̀tàn lásán?” Ẹ̀tàn lásán ni. Màmá mirí. “Ọkùnrin yẹn á lè ta ilẹ̀ l'Alákìá.”

Kò pẹ́, okùn fà le. Ọ̀pá ìwọ̀ tẹ̀ kòlòkòlò, Màmá ti dìde kúrò lórí àga. Ọkùnrin náà fà á, ó dẹ̀ ẹ́, ó fà á, ó dẹ̀ ẹ́. Màmá ń bá a fà, ó ń bá a dẹ̀. Nígbà tó gbé ẹja náà sókè nínú àwọ̀n kékeré, ó gùn láti ìgúnpá àgbàlagbà dé orí ìka, ara rẹ̀ pọ́n, ó ní tótòòtó. Màmá ti ń ṣírò. Ó ti ká a, ó ti yan án, ó ti gbé e sórí àtẹ, ó ti lé oníbàárà àkọ́kọ́ dànù torí ó sọ ọ́ sílẹ̀ jù. Ọkùnrin náà ya fọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹja wọ omi lọ.

“Yéè! Ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́!”

Mo wo àbúrò mi. Àbúrò mi wò mí. Ta ló máa sọ fún un? Ìyàwó mi gbójú sí ojú ọ̀run. Màmá ti ń káàánú: ó ní ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ ẹja dì, ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọṣẹ́ l'Aṣèjìrẹ́, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ sílẹ̀ fún un, torí ẹni tí irú ẹja yẹn bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ò ní lè fojú kan ìyàwó rẹ̀ nílé. Ìyàwó mi bu jọ̀lọ́ọ̀fù sínú abọ́, ó fi ẹran méjì lé e. Kò sẹ́ni tó tíì ṣàlàyé nǹkan kan.

Ọkùnrin náà tún mú òmíràn. Eléyìí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Màmá ò dúró gbọ́ tẹnì kan. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti ká ìró dé orúnkún, ó sì ti yọ náílọ́ọ̀nù dúdú kan nínú báàgì rẹ̀. Ẹ má bi mí níbi tó ti rí náílọ́ọ̀nù dúdú ní Kánádà. Alákìá ló ti gbé e wá. Kí n tó sáré dé etí omi, ó ti dé ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Onítọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, ó ń rọra tu ìwọ̀ lẹ́nu ẹja nínú omi. Ìwọ̀ já báyìí, ọwọ́ Màmá gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ó ki ìka méjì bọ ẹ̀gbẹ́ orí ẹja níbi tó fi ń mí, ó gbé e sókè pátápátá.

“Ẹ fi sílẹ̀! Mo ti mú un! Kò lè lọ mọ́!”

Ọkùnrin náà yíjú padà, ó rí ìyá kan tó wé gèlè, tó dúró sínú odò Bow, tó di ẹja òun mú, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí òun. Màmá ń dúró kí ó dúpẹ́. Ojú òyìnbó náà funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò bínú o. Ẹ̀rù ló ń bà á nítorí ẹja náà. Ó ń bẹ àbúrò mi pé ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ pẹ́ lókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ìyá yín gbé e sínú omi.

“Màmá, ó ní kí ẹ fi sílẹ̀.”

“Èló ló ní?”

“Kò tà á, Màmá.”

“Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn. Èló?”

“Màmá, ó fẹ́ dá a padà ni.”

“Padà síbo?”

Àbúrò mi nawọ́ sí odò. Màmá wo odò, ó wo àbúrò mi, ó sì rò pé ọmọ òun ti ń bá òyìnbó dìtẹ̀ kí owó ẹja lè gbé sókè. “Sọ fún un pé mo mọ ẹja. Kó má tìtorí pé mo jẹ́ àlejò pè é níyekíye. Dọ́là mẹ́wàá.” Ọkùnrin náà ní “No, no, please.” Màmá gbọ́ ìyẹn láìsí ògbufọ̀. “Ó ní rárá. Méjìlá.” “Please, ma.” “Ọwọ́ ọkùnrin yìí mà le o! Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, n ò sì fi kọ́bọ̀ lé e mọ́!”

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ti dúró. Ajá ń gbó. Ọmọ mi ọkùnrin, tí n ò rí kó gbé ìwé láti ọjọ́ tí ọlidé ti bẹ̀rẹ̀, gbé fóònù, ó ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kó tó di alẹ́, fídíò náà ti dé Alákìá. Ẹja náà ló parí ìdúnàádúrà. Ó fìrù gbá Màmá lójú, Màmá fẹ́ tún un dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ òkúta tó ń yọ̀, ó sì jókòó sínú odò, gbìì, omi yìnyín bò ó dé àyà. Ẹja lọ. Náílọ́ọ̀nù léfòó, ó ń bá omi lọ. Ẹ sì gbọ́ o: ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ nawọ́ mú ni náílọ́ọ̀nù, kó má baà dọ̀tí odò. Lẹ́yìn náà ló bá wa fa Màmá dìde.

Màmá ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Nígbà tó máa la ẹnu, ó ní, “Mo jìyà ẹja tí n kò jẹ.”

Ọkùnrin náà ń tọrọ àforíjì. Àwa náà ń tọrọ àforíjì. Obìnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ò kàn rárá, dúró, ó tọrọ àforíjì, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. A fún ọkùnrin náà ní jọ̀lọ́ọ̀fù tó jẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ata sì jẹ́ kó sunkún díẹ̀. Ibi tó ti ń jẹun ló ti ń ṣàlàyé fún wa. Brown trout ni ẹja náà. Òun kì í pa wọ́n. Bí gbogbo ẹni tó ń pẹja níbẹ̀ bá ń kó ẹja lọ sílé, ó ní kò ní pẹ́ tí odò á fi ṣófo. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní bull trout, ẹja tí ìpínlẹ̀ Alberta fi ṣe àmì ara rẹ̀, òfin ló de ìyẹn: ẹni tó bá mú un gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹni tó bá sì máa pẹja rárá, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Màmá ò ní ìwé àṣẹ. Bí ọlọ́pàá igbó bá kọjá lásìkò yẹn, n ò mọ irú ẹjọ́ tá à bá máa rò.

Ọkùnrin náà wá sọ ìtàn kan tó bí mi nínú títí dòní. Brown trout kì í ṣe ẹja ilẹ̀ Kánádà. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti wá. Lọ́dún 1925, ọkọ̀ kan tó ń kó ọmọ ẹja náà bà jẹ́ sójú ọ̀nà lápá Banff; nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n máa kú, wọ́n dà wọ́n sínú odò kékeré kan tó wà nítòsí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbèrú. Ó tán. Kò sí físà. Kò sí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n ti ní ìrírí iṣẹ́ ní Kánádà rí. Àbúrò mi jẹ́ ẹnjiníà n'Íbàdàn; nígbà tó dé Calgary, tákísí ló kọ́kọ́ wà kó tó rí ẹni tó gbà pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tó dì í mú kó lè mí kanlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un nínú ọkọ̀ nígbà tá à ń padà lọ sílé. Ó ní, “Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí lọ́jọ́ jẹ́,” ó sì yí rédíò sókè.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Màmá wà, wọ́n fi aṣọ ìnura méjì wé e. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ nípa Aṣèjìrẹ́: bí àwọn obìnrin ṣe máa ń dúró létí omi kí ọkọ̀ ojú omi tó dé, bí ẹni tó bá pẹ́ dé kì í rí nǹkan mìíràn rà ju epìyà kéékèèké lọ, àrọ̀ ti lọ, ọ̀bọ̀kún ti lọ. Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ tán, wọ́n dákẹ́ ṣá. Èmi gbọ́ ọ. Nígbà tí mo wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èéfín ẹja máa ń wà lára aṣọ mi, wọ́n máa ń dí imú bí mo bá kọjá, wọ́n ń pè mí ní ọmọ ẹlẹ́ja. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń balẹ̀ sí pápákọ̀ Alákìá, tí kì í sì í wọ́pọ̀, èmi ni mo máa ń sáré jáde jù láti juwọ́ sí i, torí mo fẹ́ kó gbé mi lọ síbi tí kò ti ní òórùn ẹja. Ó gbé mi lọ lóòótọ́. Tiẹ̀ wò ó, n ò fẹ́ sọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹ́nikẹ́ni má sì rò pé mo fẹ́ fi odò ilé ṣe fáàrí. Odò tí wọ́n fi tọ́ wa n'Íbàdàn, bí kò bá bọ́ ọ, ó ń gbé ọ lọ. Màmá ò jẹ́ ká sún mọ́ omi nígbà èwe wa nítorí ohun tí odò Ògùnpa ṣe lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tó kún ya wọ ilé àwọn èèyàn, tí wọ́n sì pè é ní Omíyalé. Ọ̀pọ̀ agboolé ni wọ́n ṣì ń fi Omíyalé ka ọjọ́ orí ọmọ. Ó tún ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2011. Calgary náà rí tiwọn lóṣù Kẹfà 2013, Bow àti Elbow kún lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn tó lé ní 75,000 ni wọ́n ní kó fi ilé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n padà sétí odò náà, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Àwa náà padà sétí Ògùnpa: a kó ìdọ̀tí dání. Ẹni tó bá ti gba orí afárá rẹ̀ kọjá lẹ́yìn òjò mọ ohun tí mò ń wí.

Ìyàwó àbúrò mi ló rí ohun tó pa Màmá lẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ẹ ò bá ti bá wa níbí lóṣù tó kọjá, Màmá, a jìyà omi! Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ni páìpù ńlá kan tó ń gbé omi odò Bow wọ ìlú bẹ́. Ìjọba ìlú bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má pẹ́ nínú ilé ìwẹ̀, kí wọ́n má fọ aṣọ lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi omi ẹ̀rọ bomi rin koríko. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù kan kí gbogbo rẹ̀ tó bọ̀ sípò. Àwọn kan ra korobá. Àbúrò mi ra dúrọ́ọ̀mù.

“Omi wá lọ pátápátá?” Màmá béèrè.

“Rárá, Màmá. Wọ́n ní ká dín in kù ni.”

“Ó ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ?”

“Ó ń yọ, Màmá.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí aṣọ ìnura fi bọ́ lára rẹ̀. Láti 1972 ni wọ́n ti sé Ọ̀ṣun l'Aṣèjìrẹ́ torí kí Ìbàdàn lè rómi mu. Ọkọ̀ kan péré ni láti ilé wa l'Alákìá débẹ̀, kànga la sì ń fà.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi lọ ra ẹja ní ṣọ́ọ̀bù kan kó fi tu Màmá nínú. Màmá ṣí ojú ẹja náà wò, ó fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ẹja yìí ti kú kí wọ́n tó bí ìyàwó rẹ̀. Ó sè é fún wa, ata dún, òun ò fẹnu kàn án.

Ó ti padà sílé báyìí. Ó sọ fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja ọjà Ẹgbẹ́dá pé ìlú kan wà tí wọ́n ti ń mú ẹja tí wọ́n sì ń dá a padà. Wọn ò gbà á gbọ́ títí ó fi gbé fídíò jáde, wọ́n sì wá ń bi í pé kí ló dé tí kò fi kún un, kó gbà á ní dọ́là ogún. Ó ní òun ò lè mú ẹ̀dùn rẹ̀ kúrò lọ́kàn, pé ẹja náà ò bá ká dáadáa.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn sí Houston kí ọdún tó parí, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi ya Alákìá. Ẹja yíyan ti wà nílẹ̀ tí Màmá dì sílẹ̀ fún mi, kò wúwo. Ẹja nìkan ni kí ẹ gbé o. Bó bá fi ẹran ìgbẹ́ sí i, ẹ dá a padà fún un, torí àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà á gba ẹran lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú, wọn ò sì ní dá a padà síbì kankan.